Kí ni ìpínlẹ̀ yẹ kó kọ́kọ́ wọ̀n kó tó kọ ìlànà lórí agbára oòrùn?

Ọmọ Ìlaròó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ìwádìí lórí ìlànà ìjọba ni mo ń ṣe. Wọ́n ní kí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ àbá fún ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá lórí bí agbára oòrùn ṣe máa wọ àwọn abúlé àti ọjà rẹ̀. Kí n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín.

Ẹ rántí pé Òṣù Kẹta 2023 ni wọ́n ṣàtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìpínlẹ̀ fi lè máa ṣòfin lórí iná kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá dé. Òfin Iná Mànàmáná tẹ̀lé e ní Òṣù Kẹfà ọdún náà. Láti ìgbà yẹn, Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti Èkó wà lára àwọn tó ti gba ìṣàkóso iná lọ́wọ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná. Kò sí ìpínlẹ̀ tó tún lè sọ pé Àbújá ni kò jẹ́ kí òun ṣe é.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé a lè tún kọ irú ìwé tí a ti kọ sẹ́yìn. Ìjọba àpapọ̀ ní àfojúsùn kan tí wọ́n ń pè ní 30:30:30, ìyẹn 30,000 megawatt nígbà tó bá fi máa di 2030, kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì wá láti inú agbára tí kì í tán bí oòrùn àti omi. Iná tó ń gba orí wáyà orílẹ̀-èdè ṣì ń rìn láàárín 4,000 sí 5,000 megawatt. Àwọn tó kọ àfojúsùn yẹn mọ iṣẹ́ wọn, n kò bú wọn. Àmọ́ iye tí wọ́n fẹ́ kó wà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Èmi fẹ́ kí tiwa bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àwọn èèyàn ń lò lónìí, àti iye tó ń ná wọn.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, kí ni ẹ̀yin máa kọ́kọ́ wọ̀n?

Bàbá Ńjíníà

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó kọ. Mo ṣiṣẹ́ ní NẸ́PÀ láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìdáhùn mi kò sì gùn: ẹ wọn tiransifọ́mà. Ẹ lọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ mọ iye iná tó ń wọ inú rẹ̀ àti iye tó ń jáde sí mítà àwọn èèyàn. Ibi tí ìyàtọ̀ bá ti pọ̀ jù, ibẹ̀ ni owó ti ń jò. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ń sáré lọ ra sólà nígbà tí wáyà tó wà nílẹ̀ kò tíì lè gbé iná déédéé.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òṣù Kẹrin 2024. Wọ́n gbé owó àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti 68 náírà lọ sí 225 náírà fún yúníìtì kan. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Kí ni àwọn èèyàn ṣe? Ta ló pa firíìsà rẹ̀? Ta ló ra sólà? Ta ló padà sídìí jẹnẹrétọ̀? Ìwádìí tó bá dáhùn ìyẹn ládùúgbò ládùúgbò máa wúlò ju àfojúsùn mẹ́wàá lọ.

Ìyá Ẹlẹ́ja Yìnyín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Ẹja yìnyín ni mò ń tà, firíìsà ni ọ̀nà àtijẹ mi. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 Òṣù Karùn-ún 2023, epo bẹntiróòlù kò tíì tó 200 náírà ní lítà kan lọ́dọ̀ wa. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti kọjá 500. Ẹja kì í mọ̀ pé epo wọ́n, ó gbọ́dọ̀ dì.

Àwọn olùwádìí ti wá sọ́jà wa rí. Wọ́n bi wá pé bí iná tó dúró ire bá dé, ẹ̀rọ mélòó la máa lò, wákàtí mélòó lójúmọ́. Ẹ má bínú, ọmọ mi, kò sí ẹni tó máa dáhùn pé díẹ̀ lòun máa lò. Gbogbo wa rò pé bí iye tí a bá pè bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe máa yá tó láti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó ní firíìsà kan pè é ní mẹ́ta. Ẹni tí kò ní rárá ní òun máa rà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ.

Ohun tí a nílò kí wọ́n bi wá kò sí nínú ìwé ìbéèrè wọn. Kò sí ẹni tó bi wá pé ọjọ́ wo la ń rówó. Èmi kì í gba owó oṣù. Ọjọ́ ọjà ni mò ń rówó. Ẹni tó wá ta firíìsà onísólà fún wa fẹ́ gba ìdajì owó lẹ́ẹ̀kan náà, ìyókù lóṣooṣù. Bó ṣe bá tirẹ̀ lọ nìyẹn.

Ọmọ Ìlaròó

Ìyá mi, ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí ẹ sọ yìí, wọ́n ti wọ̀n ọ́n rí ní ilẹ̀ Kenya. Ìwádìí kan jáde ní 2017 lórí àwọn mini-grid, ìyẹn ilé iná kékeré tó ń fún abúlé kan ní iná tirẹ̀. Wọ́n gbé ohun tí àwọn èèyàn sọ pé àwọn máa lò ka ẹ̀gbẹ́ ohun tí mítà fi hàn pé wọ́n lò. Ìpíndọ́gba ohun tí oníbàárà kan ń lò jẹ́ 113 watt-hour lójúmọ́, díẹ̀ ló fi lé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá yúníìtì. Ìpíndọ́gba àṣìṣe tó wà nínú iye tí wọ́n ti fojú dá látinú ìbéèrè jẹ́ 426 watt-hour. Àṣìṣe yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí wọ́n ń wọ̀n!

Ẹ wo ohun tí ìyẹn máa ń fà. Wọ́n á gbé pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì tó pọ̀ jù wá. Iná tí wọ́n rí tà kò ní tó. Owó yúníìtì á lọ sókè kí ilé-iṣẹ́ náà má bàa wó, àwọn ará abúlé á dín ìlò kù sí i, ọ̀rọ̀ náà á sì tún burú sí i.

Ọ̀dọ́ Onísólà

Ẹ̀gbọ́n, ibi tí iṣẹ́ wa wà gan-an lẹ fọwọ́ bà yẹn. Bátìrì ló ń gbówó jù nínú iṣẹ́ yìí. Iná tí èèyàn bá lò lọ́sàn-án ń ti ara pánẹ́ẹ̀lì lọ tààrà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí wọ́n bá lò lálẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú bátìrì kọjá. Bí abúlé kan bá jẹ́ pé gílóòbù àti tẹlifíṣàn alẹ́ nìkan ni wọ́n fẹ́, iná wọn máa wọ́n. Bí ẹlẹ́rọ ìlọta, télọ̀, onífiríìsà àti onígbàjámọ̀ bá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, gbogbo ìlú ló máa jàǹfààní owó tó sọ̀.

Nítorí náà, iye iná nìkan kọ́ ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ wọn wákàtí tí wọ́n ń lò ó. Ẹ tún wọn bí ó ṣe ń fò sókè. Mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yí lè fa iná ní ìlọ́po márùn-ún sí méje ohun tó ń fà nígbà tó bá ti ń yí. Bí inverter kò bá retí ìyẹn, gbogbo abúlé máa ṣókùnkùn nítorí ata ẹnì kan. Wọ́n á wá sọ pé sólà kò lè gbé ẹ̀rọ, wọ́n á padà sí ẹ̀rọ oní-dísẹ́ẹ̀lì.

Àpẹẹrẹ méjì wà nítòsí wa tí mo fẹ́ kí ẹ kà dáadáa. Gbamu-Gbamu ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ìlú àwọn àgbẹ̀ kòkó tí wáyà ìjọba kò dé. Ilé-iṣẹ́ Rubitec kọ́ mini-grid 85 kílówáàtì síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018. Èkejì ni Mokoloki ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà. Ti Mokoloki yàtọ̀ nítorí pé wáyà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, iná ni kò sí nínú wáyà. Àjọ olùwádìí RMI ti kọ ọ́ ní 2018 pé irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà, àti pé ilé-iṣẹ́ apínná lè gbà kí ẹlòmíràn fi sólà bọ́ wáyà tó wà nílẹ̀, kí gbogbo wọn sì jèrè. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Nayo gbé 100 kílówáàtì sí Mokoloki, IBEDC, ilé-iṣẹ́ apínná tó ni wáyà, fọwọ́ sí i, àwọn ará ìlú náà fọwọ́ sí i. Ẹ rí i pé ìwádìí ló ṣáájú, pánẹ́ẹ̀lì tẹ̀lé e.

Bàbá Ńjíníà

Mo gbọ́ ti Mokoloki, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fò ó. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àgbẹ̀ tó wà lóko ló máa san owó yúníìtì tó ga ju ti ẹni tó wà ní ìgboro lọ? Nígbà tí iná ìgboro ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ará oko ń san gbogbo owó tirẹ̀ látòkèdélẹ̀. Mo rò pé ìwà ìrẹ́jẹ nìyẹn. Kí ìwé yín má pè é ní ìdàgbàsókè láìsọ ẹni tó ń gbé ẹrù.

Lọ́yà Àkúrẹ́

Ẹ kú ọgbọ́n, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin sọ, kí a lè mọ ibi tí a ti fẹ́ tún un ṣe.

Ìlànà mini-grid tí NERC gbé jáde ní 2016 ló la ọ̀nà yìí. Ẹni tí iná tó ń pín kò bá tó 100 kílówáàtì lè ṣe é láìgba ìwé àṣẹ. Tó bá lé ní ìyẹn, tí kò sì kọjá megawatt kan, yóò gba àṣẹ. Lórí owó, ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n fi ìlànà ìṣirò NERC dá iye rẹ̀, tàbí kí ilé-iṣẹ́ àti àwọn ará ìlú fẹnu kò, bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo iná bá ti fọwọ́ sí i. Fún ẹni tó gba àṣẹ, bí wáyà ńlá bá wá dé lọ́jọ́ kan, wọ́n á san iye tó kù lára ohun ìní rẹ̀ fún un pẹ̀lú iye owó tó wọlé fún un ní oṣù 12 tó ṣáájú. Ìyẹn ló fi àwọn tó fẹ́ dókòwò lọ́kàn balẹ̀.

Wọ́n ti tún ìlànà náà ṣe ní 2023. Ní báyìí tí ìpínlẹ̀ ti ń ṣe tirẹ̀, ẹ yẹ ìdá 60 yẹn wò fínnífínní. Àwọn wo ló ń fọwọ́ sí i? Ṣé baálé àti àwọn ìjòyè ni, àbí àwọn obìnrin tó ń dáná tó sì ń ṣòwò wà níbẹ̀? Iṣẹ́ ìwádìí tí kò wọ́n nìyẹn. Ẹ gba àkọsílẹ̀ ìpàdé ìlú, ẹ ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Lórí ìrẹ́jẹ tí Bàbá sọ, mo gbà pẹ̀lú wọn. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ran ará oko lọ́wọ́ lè san apá kan owó tí wọ́n fi ń so ilé kọ̀ọ̀kan mọ́ iná, kó má fọwọ́ kan owó yúníìtì. Ẹ̀ẹ̀kan ni ìyẹn, kì í di gbèsè ọdọọdún.

Ará Pọ̀bẹ̀

Ẹ kú o, láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ní Illoulofin lábẹ́ Pọ̀bẹ̀, ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kọ́ ilé iná oòrùn Defissol sí, 25 megawatt. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Iná rẹ̀ ń wọ inú wáyà orílẹ̀-èdè, ó sì wúlò fún Bẹ̀nẹ̀ tó ti pẹ́ tó ti ń ra iná lọ́wọ́ Nàìjíríà àti Gánà. Inú mi dùn sí i gidigidi.

Àmọ́ wáyà ńlá kì í yà sílé ẹni. Kí ẹ fi èyí sínú ìwádìí yín: nígbà tí ẹ bá kọ́ ilé iná ńlá sórí ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀, ilé mélòó láàárín ibùsọ̀ díẹ̀ síbẹ̀ ló ní mítà kí wọ́n tó kọ́ ọ, mélòó ló ní in lẹ́yìn ọdún mẹ́ta?

Ìyá Ẹlẹ́ja, lórí ọ̀rọ̀ owó tí ẹ sọ, ẹ wo Tógò. Wọ́n ní ètò kan tó ń jẹ́ CIZO. Ní 2019, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi 2,000 sẹ́fà kún owó oṣooṣù ìdílé tó bá ń san owó sólà ilé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orí fóònù sì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Kò yanjú ti firíìsà ńlá, ti gílóòbù àti rédíò ni. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìjọba lè fi owó rẹ̀ síbi tí èèyàn ti ń san gbèsè.

Ìyá Ẹlẹ́ja Yìnyín

Ó ṣé o, ọmọ mi. Bí tiwa bá lè jẹ́ ọrọọrún ọjọ́ ọjà dípò oṣooṣù, ọ̀pọ̀ nínú àwa aláṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀ máa lè san án. Àwa tí a ń dá àjọ kì í jẹ gbèsè.

Ọmọ Leeds

Ọ̀rọ̀ kékeré kan láti Bìrìtìkó. Ní 2010, ìjọba ibí bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún iná tí sólà orí òrùlé bá ṣe, pẹ́ńsì 40 àti díẹ̀ fún yúníìtì kan fún ilé kékeré. Owó pánẹ́ẹ̀lì já wálẹ̀ kíákíá ju bí wọ́n ṣe ṣírò ọ lọ, àwọn èèyàn sì ya lù ú. Nígbà tó fi máa di ìparí 2011, ìjọba kéde lójijì pé àwọn máa gé e sí pẹ́ńsì 21. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì ní ọ̀nà tí wọ́n gbà mú ọjọ́ gígé náà yá kò bófin mu. Wọ́n ti ètò náà pa mọ́ àwọn tuntun ní 2019, òmíràn tí kò tó o bọ́ sípò rẹ̀ ní 2020.

Bí ìpínlẹ̀ yín bá máa san owó ìrànwọ́ kankan, ẹ kọ bó ṣe máa dín kù sínú òfin láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí oníṣẹ́ mọ̀ ṣáájú.

Ọ̀dọ́ Onísólà

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Irú ìpinnu òjijì bẹ́ẹ̀ ló ń bà wá lẹ́rù níbí náà. Ní 2025, mínísítà kan sọ pé ìjọba ń gbèrò láti fòfin de kíkó pánẹ́ẹ̀lì wọlé kí àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́lé lè dìde. Mo fẹ́ kí a máa ṣe pánẹ́ẹ̀lì nílé, mo fẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Àmọ́ kí ẹnì kan kọ́kọ́ wọn iye tí ilé-iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lè ṣe lọ́dún, kó gbé e ka ẹ̀gbẹ́ iye tí à ń rà. Bí èkíní bá kéré, oníbàárà mi ló máa padà sídìí jẹnẹrétọ̀.

Nípa jẹnẹrétọ̀, nọ́ńbà kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo wa ronú lé. Ìwádìí tí Access to Energy Institute àti Dalberg ṣe ní 2019 fojú díwọ̀n pé mílíọ̀nù 22 jẹnẹrétọ̀ kékeré onípẹtiróòlù ló wà ní Nàìjíríà. Ètò sólà DARES tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní Òṣù Kejìlá 2023, 750 mílíọ̀nù dọ́là, retí láti fún mílíọ̀nù 17.5 èèyàn ní iná tó sàn, kó sì gba ipò jẹnẹrétọ̀ 280,000 àti díẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kẹ́gàn rẹ̀. Àmọ́ ẹ gbé 280,000 ka ẹ̀gbẹ́ mílíọ̀nù 22. Ìpínlẹ̀ tí kò bá mọ ibi tí ìyókù wà, kò ní mọ ibi tó yẹ kí owó tirẹ̀ lọ.

Olùtọ́jú Àyíká

Kò sí ẹni tó tíì dárúkọ bátìrì tó bá kú. Mo gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ògíjo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé látinú bátìrì ògbólógbòó, èéfín wọn ń bà sórí ilé àti oko. Ní 2025, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ti rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò, ìjọba ti àwọn kan pa. Bátìrì mọ́tò ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń yọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì inverter olómi àti ti sólà olówó pọ́ọ́kú ń tẹ̀ lé e, òjé kan náà ló wà nínú wọn.

Òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ń ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, kò sì ní àtúnṣe. Nítorí náà, mo bẹ yín, kí ìwádìí yín ka bátìrì tó ń wọlé àti ibi tó ń lọ nígbà tó bá kú. Ta ló ń rà á lọ́wọ́ onísólà? Èló? Bí òfin bá ní kí ẹni tó tà á gbà á padà, ta ló máa lọ wò ó pé ó gbà á? A kò gbọ́dọ̀ gba àwọn ọmọ ìgboro lọ́wọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀, ká wá kó òjé fún àwọn ọmọ Ògíjo.

Bàbá Ńjíníà

Ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára gan-an, ọmọ mi.

Ọmọ Ìlaròó

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, a sì ti tún iṣẹ́ náà tò. Ìwé ìbéèrè kọ́ la máa fi bẹ̀rẹ̀ mọ́. A máa fi ẹ̀rọ tó ń ka ìlò iná wákàtí wákàtí sára ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀rọ ìlọta nínú àwọn ọjà díẹ̀, àti sídìí tiransifọ́mà tó ń bọ́ wọn, kí ti Bàbá Ńjíníà lè wọ inú rẹ̀. A máa béèrè iye epo tí wọ́n rà àti ọjọ́ tí wọ́n rówó. Ọ̀rọ̀ bátìrì máa ní orí tirẹ̀, kì í ṣe ìpínrọ̀ kan níparí ìwé. Àfojúsùn megawatt, tí a bá tilẹ̀ kọ ọ́, máa kẹ́yìn.

Ìyá mi, ṣé ẹ máa gbà kí a fi ọ̀kan sára firíìsà yín?

Ìyá Ẹlẹ́ja Yìnyín

Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ní àdéhùn. Ẹ má yọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ kọjá Òṣù Kejìlá, nítorí àsìkò ọdún ni ẹja máa ń kún firíìsà mi dé ẹnu, ní Òṣù Kejì sì rèé, ìdajì rẹ̀ ló ń ṣófo. Bí ẹ bá wá lásìkò kan ṣoṣo, ẹ tún máa ṣì í. Àti pé kí ẹ mú èsì rẹ̀ padà wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa, kí ẹ kà á fún wa lédè Yorùbá kí ẹ tó gbé e fún gómìnà. Àwọn tó wá tẹ́lẹ̀ kò padà wá.

Ọmọ Ìlaròó

Mo gba méjèèjì, Ìyá. Màá kọ̀wé sí ìyálọ́jà lọ́sẹ̀ yìí kí ẹgbẹ́ lè mọ̀ sí i, màá sì kọ ọjọ́ tí a máa padà wá ka èsì sínú ìwé àdéhùn náà.

Ọ̀dọ́ Onísólà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ẹ máa rà jẹ́ èyí tó ń ka ìlò láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe wákàtí kan, ó kéré tán fún ẹlẹ́rọ ìlọta. Fífò mọ́tò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, nítorí náà kó jẹ́ irú tó ń pa iye tó ga jù lọ mọ́ nínú ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Mo lè bá yín so ó mọ́ wáyà.